Àkùkọ méjì tí mo rà ní ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́

₦18,000 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta àkùkọ ní ọjà Wàásó.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé àkùkọ kan ṣoṣo ni mo ti ń lò láti ọdún mẹ́ta. Ó gun ìyá, ó gun ọmọ, ó tún gun ọmọ-ọmọ. Nígbà tó yá, nínú ẹyin 20 tí àgbébọ̀ sàba lé, 9 péré ló pa, àwọn tó jáde gan-an ń wọ́sẹ̀.

Ọkùnrin tó tà wọ́n fún mi yìí mọ iṣẹ́. Mo ti nawọ́ sí èyí tí ogbe rẹ̀ pọ́n jù, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti ogbe sílẹ̀. Ẹ gbé e." Ó ní kí n fọwọ́ tọ egungun àyà rẹ̀ bóyá ó wọ́, ó na ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀ kí n wo ìrìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá mú ìwé jáde: iye ẹyin tí ìyá rẹ̀ yé rèé, bí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe wúwo tó ní ọ̀sẹ̀ 12 rèé. Ó ní àkùkọ kì í yé ẹyin, ara ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ la ti ń mọ ohun tó máa fi sára ọmọ. Èmi tí mo ń sin adìyẹ látọjọ́, mi ò rò ó báyìí rí. Ó tún ní kí n mú àkùkọ àtijọ́ kúrò, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó kó ẹyin sàba, torí àtọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn àgbébọ̀.

Mo mú abọ́lọ́rùn kan, èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, mo mú asá kan, oníyẹ̀ẹ́ kíká. Ooru kì í yọ irú wọn lẹ́nu tó bó ṣe ń yọ àwọn tí ìyẹ́ bò mọ́lẹ̀ lẹ́nu.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Asá mẹ́rin wà lára àgbébọ̀ mi, asá yìí ni mo sì kó wọn fún. Òròmọdìyẹ 23 ló jáde. Kó tó di oṣù kejì, 6 ti di òpìpì, ìyẹ́ wọn ń kán bí ọwọ̀ tó ti gbó. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Ìyá mi ní ta la ṣẹ̀. Mo pe ọkùnrin náà, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ pé ẹ ní asá nílé!" Ó ní bí asá bá gun asá, bí ọ̀kan nínú mẹ́rin máa ń jogún ìyẹ́ kíká ti bàbá àti ti ìyá pọ̀, ìyẹ́ irú wọn kì í dúró. Adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ ló yẹ kí asá gùn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó béèrè? Ẹni tó bi mí léèrè oúnjẹ tí mò ń fún wọn lè bi mí léèrè irú àgbébọ̀ tó wà nílé. Bẹ́ ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ ka gbogbo tilé yín fún un, kódà bí ò béèrè.

Ó gba asá náà padà, ó fi abọ́lọ́rùn mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo sanwó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀.

Abọ́lọ́rùn àkọ́kọ́ ò fún mi ní wàhálà kankan. Àgbébọ̀ 9 ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹyin 20 ti ìjẹta pa 17. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló bọ́lọ́rùn, àmọ́ ìdì ìyẹ́ kékeré kan wà níwájú ọrùn wọn tí kò sí lọ́rùn bàbá wọn, torí ìyá wọn kì í ṣe abọ́lọ́rùn. Mo ti ta àwọn akọ inú wọn kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tó ń gun ìyá ẹ̀.

Nínú àwọn òpìpì mẹ́fà yẹn, ẹyọ kan ló kù. Ó ti ń yé ẹyin báyìí, síbẹ̀ tí ọyẹ́ bá mú lóru, abẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sùn.