Abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n gún mi sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún mi

Aránṣọ ni mí, Tákíè níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀nà ọ̀fun máa ń dùn mí léraléra. A ò mọ̀ pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lè padà ba fáàfù ọkàn jẹ́, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn. Àgbà ló tó hàn: bí mo bá rìn díẹ̀, èémí á máa ká mi. Wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣí àyà mi, kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìrora tó tẹ̀ lé e, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bá mi ká a lọ́wọ́ kò, ni mo fẹ́ sọ.

Egungun igbá àyà ni wọ́n máa ń là láàárín, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá parí, wáyà ni wọ́n fi ń so ó pọ̀. Èmi tí mò ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn ni mo ti mọ ibi tó ń lọ. Aṣọ tó bá fún, ojú rírán ló kọ́kọ́ ń fà. Bí èèyàn bá mí kanlẹ̀, ojú ibẹ̀ á fà. Bó bá wúkọ́ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ dandan ni kó wúkọ́, torí bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà lè wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, dókítà tó máa kùn mí lóorun wá bá mi. Ó ní, “Mọ́mì, bí ẹ bá ti sùn tán, a máa gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn yín, lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn iṣan tó ń gbé ìrora láti àyà lọ sí ọpọlọ máa kú tipiri fún wákàtí mélòó kan.” Mo bi í pé ṣé irú èyí tí wọ́n gún mi sínú ọ̀pá ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi ni. Ó ní rárá. Wọ́n máa fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí abẹ́rẹ́ bá sì dá ọgbẹ́ sí inú lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ lè rọ́ jọ síbẹ̀ kó sì rọ ẹsẹ̀ èèyàn. Abẹ́ iṣan ẹran ẹ̀yìn ni tèyí ń dúró sí, wọ́n á sì máa fi ẹ̀rọ sikáànì wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Ó ní ọdún 2016 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí. Ọkàn mi balẹ̀ torí pé ó fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Nígbà tí mo jí, tí wọ́n yọ rọ́bà èémí lẹ́nu mi, nọ́ọ̀sì bi mí pé láti 0 dé 10, báwo ni ìrora náà ṣe tó? Mo ní 3. Ó gbé ìrọ̀rí lé mi láyà: “Ẹ gbá a mọ́ra, kí ẹ wúkọ́.” Mo wúkọ́! Ó fà mí, ṣùgbọ́n mo lè fara dà á. Ojú mi là kedere, n kò tòògbé. Ibi kan ṣoṣo tó ń ta mí ni ìsàlẹ̀ àyà, níbi tí wọ́n ki rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde bọ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò ràn mí lọ́wọ́ tó níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó sọ ìgbà náà gan-an tí agbára abẹ́rẹ́ náà máa tán. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìrora dé lójijì, ó di 8. N kò lè mí dáadáa, omijé ń dà lójú mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá dókítà tó máa fọwọ́ sí oògùn mìíràn. Ká ní wọ́n ti fi omi parasitamọ́ọ̀lù kọ́ fún mi ṣáájú ni, òru yẹn kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé máàkì 8 nínú 10 ni mo fún abẹ́rẹ́ náà. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣí àyà mi lónìí, màá ní kí wọ́n gún un.

Nígbà tí mò ń bọ̀ nílé, kòtò ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí n gbé ìrọ̀rí yẹn kúrò láyà. Ní báyìí mo ti ń tẹ máṣìnnì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ mi ló ṣì ń gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú. Kọ́sítọ́mà mi kan láti Ọ̀yọ́ wá gba aṣọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún àbúrò rẹ̀. Mo ya bébà, mo kọ ìbéèrè méjì sí i pé kó fún dókítà: Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ náà máa tán lára rẹ̀? Kí lẹ máa fún un kó tó tán?