Ilé lẹ́sìn kan ní Ìbarà, lójú bàbá ọmọ tí ó gba F9

Ilé lẹ́sìn (ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní àfikún ẹ̀kọ́ fún ìdánwò) tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páànù àti ìṣó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń já ẹrù nísàlẹ̀, olùkọ́ ní láti dákẹ́ títí ariwo yóò fi rọlẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ tí mo fẹ́ fi kàn wọ́n, àwọn tí wọ́n ni ín sì jẹ́ ènìyàn tí a jọ ń kíra ní ọjà Kútọ̀. Ọmọbìnrin mi lọ síbẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 2025. Èmi ni mo san owó rẹ̀, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èyí tí ó tọ́ àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Èsì WAEC, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, ló gbé wa débẹ̀. Nínú iṣẹ́ 9 tí Àbẹ̀kẹ́ ṣe (oríkì rẹ̀ nìyẹn, mo fi orúkọ rẹ̀ pamọ́), ó ní kírẹ́díìtì (A1 sí C6) nínú 7, títí kan C6 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Jógíráfì jẹ́ D7, Ìṣirò sì jẹ́ F9, èyí tí ó jẹ́ ìfìdírẹmi. Ẹni tí ó bá mọ bí wíwọ yunifásítì ṣe rí ní orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé kírẹ́díìtì 7 tí kò sí Ìṣirò nínú rẹ̀ dà bí àpò tí ìdí rẹ̀ lu. Ohun tí ó tún dá kún un ni pé ọdún náà gan-an ni WAEC kéde pé 72.12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n jókòó fún ìdánwò náà ni wọ́n gba kírẹ́díìtì 5 ó kéré tán, tí Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀ ní àdúgbò. Ohun tí èmi ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà kò dára. Mo bi ọmọ mi léèrè pé àwọn tí wọ́n yege, ṣé orí méjì ni wọ́n ní? Mo tún dárúkọ ọmọ aládùúgbò wa tí ó gba A1, tí èmi àti òun jọ mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò ní ju iṣẹ́ kápẹ́ńtà lọ. Kò dá mi lóhùn. Ó ká ìwé èsì náà sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì fọwọ́ kan láfún àti ewédú tí ìyá rẹ̀ gbé sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ yẹn kì í dúró dìgbà tí a bá pè é.

Ẹni tí ó bá rìn láti Pánṣẹ́kẹ̀ dé Ìbarà yóò rí pátákó ilé lẹ́sìn bí ìgbà tí ènìyàn ń rí pátákó ìjọ, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń ṣèlérí. Mo pe mẹ́ta lórí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi, láìrẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pé bí mo bá fi owó díẹ̀ kún owó, ọmọ mi kò tilẹ̀ ní láti da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ìwé, nítorí pé gbọ̀ngàn tí wọn yóò gbé e lọ ní ìrànlọ́wọ́. Mírákù ni àwọn ọmọ ń pe irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́ pé n kò rò ó wò fún bíi wákàtí kan. Ìyàwó mi, tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ló pa ọ̀rọ̀ náà: ó ní aṣọ tí aró kò mú, omi àkọ́kọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ti Ìbarà nìyẹn, àwọn tí wọn kò ṣèlérí kankan lórí fóònù ju pé kí a mú ọmọ náà wá kí wọ́n wò ó.

Wíwò tí wọ́n wò ó yìí ni mo kà sí ohun tí ó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Wọ́n fún un ní ìbéèrè Ìṣirò àtijọ́ kan, 50 ìbéèrè oní-yíyàn, wákàtí kan àti ààbọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ìdánwò gan-an. Ó gba 19, ó sì pàdánù 31. Mo ti ń retí pé olùkọ́ yóò mi orí kí ó sì dá iye owó lé mi. Dípò èyí, ó fún ọmọ náà ní pẹ́ńsùlù, ó ní kí ó padà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 31 náà kí ó kọ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: «n kò mọ̀ ọ́n», «ìbéèrè náà kò yé mi», tàbí «mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ló bà mí». Ó lò tó ogójì ìṣẹ́jú lórí rẹ̀. Nígbà tí a kà wọ́n, 9 ni kò mọ̀, 6 ni kò yé e, 16 sì ni ẹ̀rù. Mo jókòó lórí àga wọn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, mo ń wo nọ́ńbà 16 yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi san owó ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ẹnikẹ́ni, èmi náà pẹ̀lú, tí ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí rí pé irú àìmọ̀ wo ni àìmọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fún un ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní ìwé àṣìṣe. Ohun tí ó bá ṣe tọ̀nà kì í wọ inú rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìdọ́gba kan ni wọ́n ń ṣe, 3(x − 4) = 2x + 5. Àbẹ̀kẹ́ tú àkámọ́ rẹ̀, ó kọ 3x − 4 = 2x + 5, ó sì sọ pé x jẹ́ 9. Olùkọ́ náà kò fi bírò pupa fa nǹkan kan. Ó ní kí ó mú 9 padà lọ sí ibi tí x wà, kí ó wo bóyá apá méjèèjì yóò dọ́gba. Apá kan di 15, apá kejì di 23. Ọmọ náà dákẹ́. Olùkọ́ wá bi í pé, «Àlejò tí ó wọlé, tí ó kí bàbá, tí kò kí ìyá, ṣé ó kí ará ilé? 3 dé ẹnu ọ̀nà, ó kí x, kí ni 4 ṣe é tí kò fi kí òun náà?» Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí èsì ti jáde. Ó sọ 4 di 12, x di 17, ó fi 17 dán an wò, apá méjèèjì sì di 39. Àṣé láti JSS 2 ni àṣìṣe kékeré yìí ti ń bá a bọ̀, láti sáà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ títú àkámọ́ tí òun kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ lé e lórí lẹ́yìn náà ló ń wọ́.

Ìyá àgbà kan tún wà níbẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó máa ń wá ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Kò sí àfikún owó lórí èyí, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ní kí n sanwó fún apá kan péré nínú iṣẹ́ wọn, tirẹ̀ ni ǹ bá san. Ó ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá ọmọ, ó ní, «Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bi í ní iye tí ó gbà kí ó tó bọ́ bàtà.» Ó béèrè bí ó ṣe ń sùn, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ti sọ ọ́ rí pé òun ti di ẹrù sí wa lọ́rùn. Ó ní bí a bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, a kò gbọdọ̀ kà á sí àṣejù ọmọdé, a kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ náà nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Àti pé bí àìsùn àti àìjẹun náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kí a mú un lọ rí dókítà ní Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ.

Nígbà tí ó dárúkọ Arò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ẹni tí kì í bá ṣe ará Abẹ́òkúta lè má mọ̀ pé èébú ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn bú ènìyàn níhìn-ín. Bí ọmọdé méjì bá ń jà, ọ̀kan yóò sọ fún èkejì pé Arò ni ilé rẹ̀. Màmá kò gbó mi lẹ́nu. Ó kàn sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú wa fúnra rẹ̀, kò gbajúmọ̀ káàkiri ayé nítorí pé ó ti àwọn wèrè mọ́lé. Pé láti ọdún 1954 tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ṣe ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò rí oorun sùn kò tíì ya wèrè, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró dìgbà tí yóò yà á kí a tó rántí ọ̀nà. A kò padà ní láti lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti ń sùn, láfún sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú àwo. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kò tún fi orúkọ ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ní ti kọ̀ǹpútà, wọ́n gbìyànjú. Ìdánwò WAEC fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tí a ṣì ń pè ní GCE, èyí tí Àbẹ̀kẹ́ ń múra láti fi tún Ìṣirò ṣe, ti di ti orí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2024: ojú kọ̀ǹpútà ni a ti ń ka ìbéèrè, ibẹ̀ náà ni a ti ń yan ìdáhùn oní-yíyàn, ṣùgbọ́n inú ìwé ni a ń kọ ìdáhùn gígùn sí. Ẹ̀rọ 8 ni wọ́n ní fún ọmọ tí ó lé ní ogójì, bí iná bá sì lọ, ó di ìgbà tí wọ́n bá rí epo sínú jẹnẹrétọ̀.

Ìyókù ẹ̀sùn mi nìyí. Owó wọn kò kéré: ₦5,000 fún ìforúkọsílẹ̀ àti ₦18,000 lóṣooṣù, láìka owó kẹ̀kẹ́ láti Aṣérò lọ àti bọ̀. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yí padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù márùn-ún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò ṣeé fẹnu sọ, kò sì yẹ kí ọmọbìnrin máa fi omi du ara rẹ̀ láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí orúkọ gbogbo ọmọ àti máàkì ọ̀sẹ̀ wà lórí rẹ̀, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé ẹni ìkẹyìn. Ẹni tí ó wá ra ìṣó nísàlẹ̀ lè gòkè wá kà á. Mo rí ọmọkùnrin kan tí ó máa ń dúró sídìí àtẹ̀gùn títí gbogbo ènìyàn yóò fi wọlé tán, kí ó tó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà pẹ̀lú orí tí ó dorí kodò. Báwo ni ilé kan náà ṣe lè fi pẹ́ńsùlù kọ́ ọmọ láti mọ ẹ̀rù rẹ̀ ní yàrá, kí wọ́n sì máa ta ẹ̀rù náà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà? Mo bi olùdarí wọn. Ó ní àwọn òbí ló ń béèrè fún un, pé bí kò bá sí ìwé lára ògiri, wọn yóò ní kò sí iṣẹ́ tí a ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́, nítorí pé èmi náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gòkè, òun ni mo kọ́kọ́ lọ kà.

Àbẹ̀kẹ́ gba C5 nínú Ìṣirò nígbà tí ó tún un ṣe. Àwọn tí wọ́n fẹ́ A1 fún ọmọ wọn lè kà á sí pé kò tó owó tí mo san, àwa kò sì bá wọn jà. Nígbà tí èsì WAEC ti ọdún 2025 jáde ní oṣù Kẹjọ, tí wọ́n kọ́kọ́ kéde pé 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́díìtì 5 pẹ̀lú Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí ó wá di 62.96, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti na pàṣán bò, tàbí tí wọ́n ti bi bóyá orí méjì ni ẹlòmíràn ní, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyẹn, lórí máàkì tí kì í ṣe tiwọn rárá.

Mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá béèrè pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ Ìṣirò, kí ó sì lọ ní Ọjọ́rú tàbí ọjọ́ Ẹtì kí ó lè rí Màmá. Ìforúkọsílẹ̀ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Olùdarí ṣèlérí fún mi pé òun yóò ká ìwé ẹnu ọ̀nà náà kúrò. Mo gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo lọ ra ìṣó. Ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kí òjò má bàa bà á jẹ́.