Ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi lọ sí Inner Farne, àti pẹ́pẹ́yẹ òkun tí ń gbààwẹ̀

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, èmi àti àwọn ọmọ mi méjì wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Seahouses, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí erékùṣù Inner Farne. Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, ó sì gbéra lásìkò. Owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó tí àjọ National Trust, tí ó ni erékùṣù náà, ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó ń kó ẹbí lọ ṣírò méjèèjì pọ̀. Ẹ mú fìlà dání pẹ̀lú, torí pé àwọn ẹyẹ tern máa ń fi àgógó ẹnu gún ẹni tí ó bá kọjá lẹ́bàá ìtẹ́ wọn lórí.

Ìyá eider kan ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Eider ni pẹ́pẹ́yẹ òkun tí àwọn ará ibẹ̀ fi orúkọ Cuthbert pè, ìyẹn ẹni mímọ́ tí ó gbé erékùṣù náà ní ọ̀rúndún keje. Ó sàba lé ẹyin rẹ̀ lórí ìhùùhù tí ó fà tu láti àyà ara rẹ̀, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀nà tí à ń rìn, kò sì mira. Amọ̀nà wa ṣàlàyé dáadáa pé nǹkan bí ọjọ́ 25 ni ó fi ń sàba, pé akọ kì í bá a jókòó, àti pé òun náà kì í lọ jẹun. Bí ó bá dìde fún ìgbà díẹ̀, omi ni ó lọ mu. Kí àwọn ọmọ tó jáde, ó lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni amọ̀nà dákẹ́ sí, ó sì dùn mí, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kẹ́míkà bíi DDT, tí í ṣe oògùn apakòkòrò, àti PCB tí wọ́n máa ń dà mọ́ epo inú tiransifọ́mà nígbà kan rí, kì í yòrò sínú omi. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, dè wọ́n lọ́nà, síbẹ̀ wọn kò tíì tán nínú òkun. Nígbà tí ẹyẹ bá ń sun ọ̀rá ara rẹ̀ bí epo, ọ̀rá ń tán, kẹ́míkà kò tán, ó sì ń tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí ó ti lè dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Ní Grindøya, lẹ́bàá Tromsø ní Norway, àwọn onímọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ìyá eider kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsàba, wọ́n tún gbà á nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, wọ́n sì rí i pé kẹ́míkà inú rẹ̀ ti di ìlọ́po. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ààwẹ̀ ń fọ ìdọ̀tí ara dànù. Ti ẹyẹ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn nígbà tí èrò kan na fóònù sí ìtẹ́ náà títí ìyá fi fò dìde, tí ó sì yàgbẹ́ olóòórùn burúkú sórí ẹyin, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan tí ó bá a wí. Agbára tí ó fi fò náà, inú ọ̀rá tí ó ṣẹ́ kù ni ó ti mú un.

Síbẹ̀, màá tún lọ. Kí ẹ̀yin náà lọ kí oṣù Kẹfà tó jìnnà, nítorí pé kété tí ìyẹ́ àwọn ọmọ bá ti gbẹ ni ìyá ń kó wọn lọ sínú omi, níbi tí òun náà ti ń padà jẹun, tí ọ̀rá tuntun sì ń fa kẹ́míkà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.