Àwo márùn-ún àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ Stryper: èwo ni kí olùrà kọ́kọ́ mú?

Àwo-orin márùn-ún ni ẹgbẹ́ Stryper ti ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà gbé jáde láàárín ọdún 1984 sí 1990, kí Michael Sweet, olórí akọrin wọn, tó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1992. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin heavy metal (orin gìtá líle) ti Kristẹni kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì dé orí MTV, ìkànnì orin lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Orúkọ wọn àti aṣọ onílà dúdú àti ìyeyè tí wọ́n ń wọ̀ tan mọ́ Aísáyà 53:5, níbi tí a ti kà pé nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, stripe, ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìlà ara aṣọ àti ojú ẹgba. Ní èdè tiwa, ìlà àti ìnà náà kò kúkú jìnnà síra.

Bí a bá gbé The Yellow and Black Attack (1984) sẹ́gbẹ̀ẹ́ Soldiers Under Command (1985), ìyàtọ̀ tí ọdún kan péré mú wá kò kéré. Orin mẹ́fà ló wà nínú ti àkọ́kọ́, ó sì ń dún bí iṣẹ́ àwọn tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú owó péréte, tí wọ́n ń sáré kó má baà tán. Ní ọdún 1986 ni wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n fi orin méjì kún un, wọ́n sì pààrọ̀ páálí rẹ̀. Nítorí náà, kí olùrà ka iye orin tó wà lẹ́yìn páálí kó tó sanwó.

Ní ti Soldiers Under Command, Michael Wagener, ará Jámánì tó ti bá ẹgbẹ́ Accept àti Dokken ṣiṣẹ́, ló bójú tó o, ọwọ́ rẹ̀ sì hàn níbẹ̀. Gìtá Michael Sweet àti ti Oz Fox ń rìn pọ̀ bí ìbejì tó ń kọ orin kan náà, tí ọ̀kan mú ohùn òkè, tí èkejì mú ti ìsàlẹ̀. Battle Hymn of the Republic ni wọ́n fi kádìí rẹ̀, orin tí ègbè rẹ̀, “Ògo, ògo, alelúyà”, kò ṣàjèjì sí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú tèmi, òun ló dára jù nínú márààrún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó tẹ̀ lé e ló lókìkí jù.

Èyí náà ni To Hell with the Devil (1986), tó gba ẹ̀rí platinum (àmì pé ó tà tó mílíọ̀nù kan) ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò bá kà á dáadáa, ṣùgbọ́n kò ju pé kí Sátánì gba ọ̀run àpáàdì lọ: èpè ni, kì í ṣe oríkì. Páálí àkọ́kọ́ fi àwọn áńgẹ́lì hàn bí wọ́n ṣe ń ti Sátánì sí kòtò. Awuyewuye dé, wọ́n sì fi páálí dúdú rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń kó àwo jọ ló ń wá ti áńgẹ́lì kiri. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin lásán kò pàdánù ohunkóhun bó bá ra onídúdú. Abyss, orin kúkúrú tí kò ní ọ̀rọ̀, ló ṣílẹ̀kùn àwo náà, kí ìlù Robert Sweet tó já lulẹ̀. Orin Honestly ló dé ipò 23 lórí Billboard Hot 100, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà: dùùrù ló fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ènìyàn sì lè kọ ọ́ fún olólùfẹ́ rẹ̀ láì yí ọ̀rọ̀ kan padà.

In God We Trust (1988) tún rìn lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Honestly yóò gbádùn I Believe in You. Ẹni tí gìtá gbé wá lè fò ó.

Against the Law (1990) ló yapa. Wọ́n bọ́ aṣọ onílà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò hàn gbangba nínú orin wọn mọ́, wọ́n sì tún Shining Star ti Earth, Wind & Fire kọ. Kí ẹni tó ń ra àwo fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì má mú un. Kí ẹni tó ń kọ́ gìtá má fi í sílẹ̀, torí pé gìtá ibẹ̀ le ju ti àwọn yòókù lọ.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni olùrà fẹ́, kó yọ àwo kúrò nínú páálí, kó gbé e sábẹ́ iná, kó sì yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà tínrín tí ojú nìkan rí lè má ju kó máa ta pàrà lọ. Èyí tí èékánná bá kọ́ ló máa ń mú abẹ́rẹ́ fò. Kó sì ṣọ́ra fún Second Coming (2013): orin 14 láti inú àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n tún kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú tuntun méjì. Ohùn rẹ̀ kún dáadáa, àmọ́ Michael Sweet ti ọdún 1985 kọ́ ló wà níbẹ̀, bí ọlọ́jà bá tilẹ̀ sọ pé ògbólógbòó orin ni.