Ọ́ìlì UTTO 10W-30 tí mo dà sínú Massey Ferguson 135 ilé wa, lẹ́yìn ọ̀gbìn méjì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọ́ìlì yìí (UTTO ni ọ́ìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún gíà àti pọ́ǹpù kátakátá pa pọ̀, 10W-30 sì ń sọ bó ṣe ki tó) dáa, mo tún máa rà á, àmọ́ ó lówó lórí, ó sì máa tú àṣírí gbogbo síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) tó ti gbó lára kátakátá yín. Ẹni tó bá ń kánjú lè dúró síbẹ̀ yẹn.

Kátakátá tí mò ń sọ yìí, ara àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1964 sí 1975 ni, tòkunbọ̀ ni bàbá mi rà á, òun la ṣì fi ń túlẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lọ́nà Ìkọ̀lé títí dòní. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, tó bá di àárọ̀, gíà ò ní wọlé bọ̀rọ̀, apá méjèèjì tó ń gbé pùlọ́ọ̀ á kọ́kọ́ ronú kó tó gbéra, tó bá wá gbéra tán á máa gbọ̀n bí arúgbó. Mo fa gééjì ọ́ìlì yọ, háà, tíì oní mílíìkì ni mo rí. Omi ti wọ inú ẹ̀. Rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pá gíà ti ya, abẹ́ máńgòrò la sì máa ń gbé e sí ní gbogbo ìgbà òjò, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀ tẹ́nì kankan ò mọ̀.

Bàbá tó ń tún un ṣe láti ayé bàbá mi ní, "Ọmọ mi, ọ́ìlì gíà 90 ni kó o lọ rà, èyí tó ki dáadáa, òun ni bàbá ẹ ń lò." Mo ní ẹ má bínú Bàbá, mo ti ń ka ìwé ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ nípa 135 ni pé ikùn kan náà ni gíà, dífù (gíà ẹ̀yìn tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) àti pọ́ǹpù tó ń gbé pùlọ́ọ̀ jọ ń lò, inú ọ́ìlì yẹn gan-an ni pọ́ǹpù náà rì sí. Tí ọ́ìlì bá ti ki jù, inú gíà lè dùn sí i o, àmọ́ pọ́ǹpù ńkọ́? Ṣe ni yóò dà bí ẹni tó ń fi sìtírọ́ọ̀ fa ẹ̀kọ gbígbóná. Yàtọ̀ síyẹn, 90 tí wọ́n sábà máa ń gbé fúnni, GL-5 ló máa ń jẹ́ (GL ni àmì tí API, ẹgbẹ́ àwọn elépo Amẹ́ríkà, fi ń pín ọ́ìlì gíà sí ìsọ̀rí), kẹ́míkà inú ẹ̀ lè jẹ àwọn nǹkan tí wọ́n fi idẹ ṣe nínú gíà àtijọ́. GL-4 lẹ ń wá. Ẹ má wo orúkọ kọ́ńpìnnì gàdàgbà tó wà níwájú, ẹ yí bọ́kẹ́ẹ̀tì padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀: UTTO, API GL-4, àti M1135 tàbí M1141 tó jẹ́ nọ́ńbà àwọn Massey fúnra wọn. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo dé ní Adó, síìlì ìdérí ẹ̀ ti já, ẹni tó ń tà á ní ọ̀nà ló ti já. Mo ní ó dàárọ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì oní lítà 20 méjì ni mo rà níbòmíì, owó ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 90 ọjọ́sí.

Ọjọ́ tá a pààrọ̀ ẹ̀, a ò kọ́kọ́ tan kátakátá rárá, torí a fẹ́ kí omi ti jókòó sísàlẹ̀ mọ́jú. Mo rọra tú nọ́tì ìsàlẹ̀ díẹ̀, mi ò yọ ọ́ tán, omi ló kọ́kọ́ ń kán, omi gidi tó mọ́ lójú, ó ń kán tó tó ife méjì kí ọ́ìlì funfun yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. A dí i padà, a wá tan án, a jẹ́ kó gbóná bí ìdajì wákàtí, ìgbà yẹn la wá jọ̀ ọ́ dànù pátápátá. Nọ́tì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ o, tẹ́ ẹ bá tú ti iwájú nìkan, ti ẹ̀yìn ṣì máa jókòó síbẹ̀. A ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ tí gééjì wà, Bàbá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ dúdú ló ń fi ìka họ jáde, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ dúdú, a sì fi dísẹ̀lì fọ asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù. Ìwé sọ pé nǹkan bí lítà 30 ló ń gbà, èyí tó wọlé ò tó bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú pé ti inú áàsì (apá tó gbé táyà ẹ̀yìn) ò jáde tán. Tẹ́ ẹ bá dà á tán, ẹ gbé apá yẹn sókè sílẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó tún wo gééjì, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni o.

Gíà ń wọlé láàárọ̀ báyìí láìjà. Pùlọ́ọ̀ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọ̀n mọ́, kódà lọ́sàn-án tí oòrùn ń jó. Ariwo gíà tiẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀ ju ti 90 lọ, ìyẹn ò dùn mí.

Ibi tó ti dùn mí ni síìlì. Ọ́ìlì yìí ṣàn ju tàtijọ́ lọ, kò pé oṣù kan tó fi ń jò gba inú áàsì ọ̀tún bọ́ sínú bíréèkì, lọ́jọ́ kan bọ̀ọ̀dá tó ń wà á tẹ bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tòsì nìkan ló mú, kátakátá yí ẹnu sínú igbó! Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí nǹkan lẹ́yìn ẹ̀. A pààrọ̀ síìlì àti bíréèkì ṣúù, owó míì nìyẹn. Ẹ̀yin tí bíréèkì tiyín wà nínú ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ UTTO tún kàn yín ju èmi lọ, torí ọ́ìlì gíà lásán máa jẹ́ kí bíréèkì yẹn máa ké.

Rọ́bà ẹsẹ̀ gíà ò sí lọ́jà ṣá. Tíúbù ọ̀kadà la gé, a fi wáyà so ó, tí òjò bá ti ṣú mo tún máa ń da ọ̀rá bò ó.