Ẹlẹ́rìí fún sáfà méjì: ohun tí ojú mi rí nídìí quorum

Aago méjì òru ti lù nígbà tí ìpè jí mi. Ọ̀kan nínú sáfà (server) méjì tí a so pọ̀ di cluster ti kú. Ẹ̀yà tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ ló jó. Kò yẹ kí ìyẹn dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí ìdí tí a fi ra méjì gan-an nìyẹn: bí ọ̀kan bá ṣubú, kí èkejì gba ẹrù orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìdí wọn, èkejì náà ti káwọ́ gbera. Iná ń tàn lára rẹ̀, dísíkì rẹ̀ pé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò já, síbẹ̀ kò gbé iṣẹ́ kankan. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀, mo sì bá event 1177 níbẹ̀: cluster ti pa ara rẹ̀ torí pé quorum, ìyẹn iye ìbò tó gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ṣiṣẹ́, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Gbogbo oríṣi quorum tí Windows Server 2016 ní fún sáfà méjì ni mo ti lò tán báyìí, mo sì ti rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú. Èrò mi kò ju ọ̀kan lọ: ibi tí ẹ gbé ẹlẹ́rìí yín sí, ìyẹn ẹnì kẹta tó ń bá sáfà méjì dìbò, ṣe pàtàkì ju irú ẹlẹ́rìí tí ẹ yàn lọ.

Kí ẹni tí kò tíì bá ọ̀rọ̀ náà pàdé lè bá wa lọ: àwọn sáfà inú cluster máa ń kí ara wọn lemọ́lemọ́. Lórí Windows Server 2016, ìkíni kan ni fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń gba pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 3343. Bí mẹ́wàá bá kọjá léraléra láìsí ìdáhùn, wọ́n á kà á sí pé ẹni yẹn ti lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí waya àárín wọn bá já, bí òkú ṣe ń dákẹ́ náà ni alààyè á ṣe dákẹ́. Sáfà kìíní á rò pé èkejì ti kú, èkejì náà á sì máa rò bẹ́ẹ̀ nípa ti kìíní. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, àwọn méjèèjì á di dátà kan náà mú, wọ́n á máa kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, ọba méjì á sì jókòó láàfin kan. Ẹni tó bá ti bá irú dátà bẹ́ẹ̀ jìjàkadì rí mọ̀ pé ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú lánàá ni wọ́n máa padà lọ gbé, gbogbo iṣẹ́ òní á sì bómi lọ.

Quorum ló ń dí èyí lọ́nà. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan. Apá tí ìbò rẹ̀ bá ju ìdajì lọ ló máa ṣiṣẹ́, apá tó kù gbọ́dọ̀ jókòó. Nínú mẹ́ta, méjì ti tó. Nínú márùn-ún, mẹ́ta. Nínú méjì ńkọ́? Ohun tó ju ìdajì méjì lọ ni méjì náà, ìyẹn ni pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn méjèèjì kú. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ẹnì kẹta, ẹlẹ́rìí tí kì í gbé iṣẹ́ kankan, tí ìbò nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ lò ni fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí Windows ń pè ní file share witness. Ó rọrùn gan-an. Àyè 5 MB ti tó o, ẹ ó fún orúkọ cluster fúnra rẹ̀ láṣẹ láti kọ nǹkan sínú fódà náà (orúkọ cluster ni o, kì í ṣe orúkọ tiyín), ó parí. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ fáìlì wa tó ti wà nílẹ̀. Ohun tí mi ò rò dénú ni pé ẹ̀rọ fáìlì yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ (virtual machine) ni, orí cluster yẹn gan-an ló sì ń gbé. Lóru ọjọ́ yẹn, orí sáfà kìíní ló wà. Bí sáfà kìíní ṣe kú, ó gbé ìbò tirẹ̀ lọ, ó sì fa ti ẹlẹ́rìí tẹ̀ lé e. Sáfà kejì bá ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbò kan nínú mẹ́ta, ó sì ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe. Ó lé ní ọdún kan tí fódà yẹn fi wà níbẹ̀ tí gbogbo àmì ara rẹ̀ ń sọ pé àlàáfíà ni. Ó dùn mí gidigidi, torí èmi ni mo fi í síbẹ̀.

Start-ClusterNode -ForceQuorum ni mo fi jí sáfà kejì. Àṣẹ yẹn ń sọ fún un pé kó má wo ti ìbò mọ́. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo lọ yọ waya iná sáfà kìíní kúrò lára ògiri fúnra mi. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Bí èyí tí ẹ rò pé ó kú bá ṣì ń mí, ọwọ́ yín lẹ fi fi ọba kejì jẹ yẹn.

Lẹ́yìn náà, fún ọjọ́ mélòó kan, a kò ní ẹlẹ́rìí rárá. Àwọn kan ń sọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀, torí pé láti Windows Server 2012 ni cluster ti ń tún ìbò pín fúnra rẹ̀ bí sáfà bá ṣe ń wọlé tó ń jáde. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó ní tòótọ́. Mo tẹ Get-ClusterNode | ft Name, NodeWeight, DynamicWeight. NodeWeight, ìbò tí a fún sáfà kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 1 fún àwọn méjèèjì. DynamicWeight, ìbò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò yẹn, jẹ́ 1 fún kìíní, 0 fún èkejì. Cluster ti gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀kan kó má baà sí ọ̀mì. Bí ẹ bá pa èyí tó ní ìbò bó ṣe yẹ ká pa á, á kọ́kọ́ fa ìbò lé èkejì lọ́wọ́. Bí ẹni tí kò ní ìbò bá kú lójijì, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá já lára ẹni tí ìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dọ́bálẹ̀. Bí ẹni ju owó ẹyọ sókè ni. Mi ò lè sùn lórí irú ẹ̀ní bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá lọ sórí dísíkì ẹlẹ́rìí, ìyẹn disk witness. Nígbà yẹn a ní àpótí dísíkì kan tí sáfà méjèèjì jọ ń lò, mo sì gé apá kékeré kan níbẹ̀ fún un. 512 MB ni ó kéré jù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju fódà lọ, ìdí rẹ̀ sì yé mi dáadáa lẹ́yìn tí mo dán an wò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mo pa sáfà kìíní láàárọ̀ láti nu eruku inú rẹ̀. Lọ́sàn-án, mo fi iṣẹ́ tuntun kan kún ti cluster lórí sáfà kejì. Lálẹ́, mo pa sáfà kejì, mo wá tan kìíní nìkan. Kìíní kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ fódà ni ẹlẹ́rìí, fódà kò ní ju àkọsílẹ̀ pé àtúnṣe ti wà lọ. Á sọ fún kìíní pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ ti gbó, kìíní kò sì ní gbéra títí èkejì á fi dé. Dísíkì ẹlẹ́rìí ní tirẹ̀ ní ẹ̀dà gbogbo ìwé cluster nínú. Kìíní á kà á níbẹ̀, á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Fún ẹni tó bá ní dísíkì àjùmọ̀lò, mi ò rí ìdí tó fi máa lọ wá nǹkan mìíràn. Bí àpótí náà bá kú, dátà fúnra rẹ̀ ti lọ, ẹlẹ́rìí kọ́ lẹ máa sunkún lé lórí.

Ohun tó gbà á kúrò lọ́wọ́ mi ni pé a kó dísíkì wọ inú sáfà méjèèjì, a sì ń lo Storage Spaces Direct, ètò Windows tó ń da dísíkì inú àwọn sáfà pọ̀ di ọ̀kan. Ìyẹn kì í gba dísíkì ẹlẹ́rìí. Ó wá ku fódà tàbí cloud witness, èyí tó wọlé pẹ̀lú Windows Server 2016.

Cloud witness ni mo ń lò títí dòní. Àkáǹtì ìpamọ́ kan ni, lórí Azure tí Microsoft ń yáni lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Cluster á ṣí àyè kan sínú rẹ̀ tó ń jẹ́ msft-cloud-witness, á sì fi fáìlì kékeré kan síbẹ̀. Ìgbà tí ipò cluster bá yí padà nìkan ló ń kọ ọ́, nítorí náà owó tó ń jẹ kò tó nǹkan. Kò nílò ẹ̀rọ kẹta tí èèyàn á máa tọ́jú, kò sì sí bí ó ṣe lè máa gbé orí sáfà mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ó wà níbi tí iná mi, swíìṣì mi àti àṣìṣe mi kò lè dé. Fún mi, ìyẹn ló borí gbogbo rẹ̀.

Ó ní ẹ̀gún tirẹ̀ o. Pọ́ọ̀tù 443 ló ń gbà jáde, sáfà kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ lè jáde. Lọ́jọ́ tí mo tò ó, Set-ClusterQuorum -CloudWitness dáhùn pé ó ti ṣe é, inú mi dùn. Kí n tó lọ sílé mo ní kí n gbé ìdí cluster lọ sórí èkejì wò: Move-ClusterGroup "Cluster Group". Ẹlẹ́rìí bá pupa. Sáfà kìíní nìkan ni firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbà láàyè. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn fún èkejì ṣí. Bí mi ò bá gbé e ni, òru mìíràn ni mi ò bá tún gbọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ gbé e bọ̀, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti parí.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì. Cluster kì í tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀, àmì àṣẹ kan ló ń fi ṣe jáde, àmì yẹn sì máa kú lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Méjì ni kọ́kọ́rọ́ tí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ èkíní, ẹ kọ́kọ́ fún cluster ní èkejì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èkíní.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ ńkọ́? Ẹlẹ́rìí á kú, cluster á gba ìbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, sáfà méjèèjì á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tí sáfà bá tún wá kú nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ni ẹ padà sídìí owó ẹyọ yẹn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń lọ lójoojúmọ́, ẹ má lò ó. Ẹ gbé fódà sórí ẹ̀rọ tó dá dúró, tó ní ẹ̀rọ iná tirẹ̀. Láti Windows Server 2019, fódà orí USB tó wà lẹ́yìn ráútà tó mọ SMB 2 (ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) náà ti ṣe é lò. Ẹ má gbé e sórí DFS ṣá, ètò Windows tó lè fi ẹ̀dà fódà kan sórí sáfà púpọ̀. Apá kọ̀ọ̀kan lè rí ẹ̀dà fódà tirẹ̀, kálukú á sì rò pé òun ní ẹlẹ́rìí.

Mo tún ń tọ́jú sáfà Linux méjì kan tó ń lo Corosync, ètò tó ń so sáfà Linux pọ̀ di cluster. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èèyàn lè kọ two_node: 1 sínú ètò rẹ̀ kí sáfà kan ṣoṣo lè máa bá iṣẹ́ lọ, àmọ́ qdevice, ẹlẹ́rìí ti Corosync, ni mo yàn: kọ̀ǹpútà kékeré kẹta ń gbé corosync-qnetd lórí pọ́ọ̀tù 5403, ó sì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún cluster tó ju ẹyọ kan lọ. Ó dára, ó sì fúyẹ́.

Sátidé tó kọjá, mo yọ waya iná sáfà kìíní lára ògiri, láìkìlọ̀ fún un. Event 1135 yọ lórí èkejì: kìíní ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹlẹ́rìí dìbò, ó di méjì nínú mẹ́ta. Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí kìíní fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí lórí èkejì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ fáìlì wa wà lára wọn, fódà ẹlẹ́rìí àtijọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú fódà náà mọ́.