Fọ́tò ẹbí 31,000 lórí kọ̀ǹpútà kan ní Ẹ̀pẹ́: àgbéyẹ̀wò digiKam lẹ́yìn ọdún méjì

Nígbà tí Google dá iṣẹ́ Picasa, ètò tí mo fi ń to fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, dúró ní 2016, n kò kọbi ara sí i, nítorí pé èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà náà kú ni mo tó mọ̀ pé n kò ní nǹkan tí n ó fi rọ́pò rẹ̀. Fọ́tò tó wà nílé wa nígbà náà ti lé ní 31,000: ti kámẹ́rà kékeré tí ìyàwó mi rà kí a tó bí àkọ́bí wa, ti fóònù mẹ́fà tàbí méje, èyí tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àti àwọn fọ́tò àtijọ́ bàbá mi tí mo fi skáná dà sínú kọ̀ǹpútà. Inú fódà tó ń jẹ́ “Tuntun”, “Tuntun 2” àti “Ẹ má pa á rẹ́” ni gbogbo wọn wà lórí hard drive kan. Ó di ọdún méjì báyìí tí mo ti ń fi digiKam tò wọ́n.

Ètò kọ̀ǹpútà fún títo fọ́tò ni digiKam, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lábẹ́ KDE, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ló ń ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti kọ̀ǹpútà Apple. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé kì í kó fọ́tò ẹni lọ síbì kankan: fódà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni yóò máa fi hàn yín, bí ẹ bá sì yọ ọ́ kúrò lọ́la, ibi tí ẹ fi fọ́tò sí náà ni ẹ ó ti bá wọn. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́, àfi ọjọ́ kan tí mo daunlóòdù àwọn fáìlì tó fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, èyí tó sì jẹ dátà díẹ̀. RAM kọ̀ǹpútà mi kò ju 4GB lọ, iná ọba sì ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi yẹ gbogbo fọ́tò náà wò lẹ́ẹ̀kíní.

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Bí ẹ bá ń ṣí ètò yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò bi yín bóyá kí ó máa kọ orúkọ àti àlàyé tí ẹ bá fún fọ́tò sínú fáìlì fọ́tò náà gan-an, tàbí kí ó má fọwọ́ kan fáìlì rárá. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ ba fọ́tò jẹ́, mo ní kí ó má fọwọ́ kàn án. Bí iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ṣe ń lọ sínú fáìlì àkójọ kan ṣoṣo (irú èyí tí wọ́n ń pè ní SQLite) lórí díráìfù C, inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nìyẹn. Nígbà tí ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ fọ́máàtì rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kò sí nǹkan gidi lórí C. Fọ́tò kò lọ, hard drive ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ ti bómi lọ. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo wọ ibi ìtò Metadata (àlàyé tó ń bá fọ́tò rìn), mo ní kí ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́tò. Báyìí, bí mo bá gbé fọ́tò kan fún àbúrò mi, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ń bá a lọ, kódà bí ètò mìíràn ni àbúrò mi fi ṣí i.

Ní ti wíwá fọ́tò, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọjọ́ nìkan ti tó. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọjọ́ yóò já yín kulẹ̀. Ẹ wo Kayo-Kayo, ọdún tí a fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wá tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851. Ẹ̀yìn Iléyá ni a máa ń ṣe é, òṣùpá ni a sì fi ń ka ọjọ́ Iléyá, nítorí náà ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ: Iléyá 2016 bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, ti 2023 bọ́ sí ìparí oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ní kí ètò náà kó fọ́tò oṣù kẹsàn-án jáde yóò rí Kayo-Kayo ọdún mélòó kan péré, yóò sì pàdánù ìyókù. Mo wá dá tag kan (orúkọ tí a ń lẹ̀ mọ́ fọ́tò kí a lè fi wá a) sílẹ̀ tó ń jẹ́ Ọdún, mo to Kayo-Kayo, Iléyá, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Kérésìmesì sábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fi orúkọ ènìyàn kan mọ́ Kayo-Kayo, kí n tó mí kanlẹ̀, fọ́tò ti jáde.

Wàhálà tiwọn ni ti fọ́tò WhatsApp. Fọ́tò tí kámẹ́rà yà máa ń gbé ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sínú ara, WhatsApp sì máa ń bó o dànù. Nílé wa, ìgbéyàwó 2018 wá ń bá ìsọmọlórúkọ 2022 jókòó pọ̀. Orúkọ fáìlì ló gbà wá, nítorí pé ọjọ́ wà nínú rẹ̀, irú bí IMG-20180407-WA0012. Irinṣẹ́ àtúnṣe àkókò digiKam lè mú ọjọ́ láti ara orúkọ fáìlì. Mo yan 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà, mo lọ jẹun. Irinṣẹ́ yẹn náà ni mo fi tún ti kámẹ́rà ìyàwó mi ṣe, èyí tó máa ń padà sí 2005 nígbàkígbà tí bátìrì rẹ̀ bá kú. Mo wá fọ́tò ọjọ́ ìbí kan tó dá mi lójú, mo ṣírò ìyàtọ̀, mo fi kún gbogbo wọn.

Ètò náà tún ń gé ojú ènìyàn jáde nínú fọ́tò, yóò sì máa dábàá orúkọ láti ara èyí tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lẹ́rán. Kò lè ya Táíwò àti Kẹ́hìndé ilé wa sọ́tọ̀, n kò sì bá a wí, ìyá wọn náà ṣì ń ṣì wọ́n pè.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyá kan nínú ẹbí wa tí wọ́n ń ta ẹja ní ọjà Olúwo wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ́tò ọkọ wọn tó ti di olóògbé, èyí tí bàbá ti wọ agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run ní Kayo-Kayo. Fọ́tò mẹ́sàn-án jáde, kò sí agbádá níbẹ̀. Mo yọ Kayo-Kayo kúrò, mo fi orúkọ bàbá nìkan sílẹ̀, a ń wò ó lọ títí ìyá fi na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà: “Òun nìyí! Ìsọmọlórúkọ Rìsí ni, mo ti ṣì í rántí.” Mo wá ṣí àkójọ ojú tí ètò náà kò mọ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti èyí.” Wọ́n ní, “Ọmọ ìyá Mùsíbáù nìyẹn, tó ń gbé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Kọ ọ́ dáadáa.” Kí wọ́n tó dìde, ojú tó lé ní 40 ti lórúkọ.

Ohun kan tó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá ni pé “Igbeyawo” àti “Ìgbéyàwó” jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì lójú digiKam. Èmi ń fi àmì sí i, ọmọ mi kì í fi sí i, tag méjì wá wà fún ohun kan ṣoṣo, ẹni tó bá wá ọ̀kan kì í rí èkejì. Mo dà wọ́n pọ̀, mo sì pinnu pé kí tag máa wà láìsí àmì, kí àlàyé abẹ́ fọ́tò ní tirẹ̀ ní àmì. Ìpinnu náà kò tẹ́ mi lọ́rùn tán: bí mo bá wá “Ayo”, Ayọ̀ ọmọ mi àti àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi ló ń jọ jáde.

Ó tún ń wá fọ́tò tó jọra wọn, èyí tó bá mi rí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà WhatsApp kékeré tí ojúlówó wọn ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ojú yín wò ó kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, nítorí pé fọ́tò mẹ́ta tí a yà léra wọn náà jọra.

Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò ju ti fóònù kan lọ kò nílò gbogbo èyí. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá tó tiwa, tó sì ní sùúrù, n ó ní kó gbé e wọlé, kó sì yan kíkọ sínú fáìlì láti ọjọ́ kìíní. Ojú tí kò tíì lórúkọ lọ́dọ̀ mi ṣì lé ní 1,800. Mo ti bẹ ìyá ọjà Olúwo pé kí wọ́n tún padà wá.